Ojú Ọ̀dọ́-Àgùntàn Lábẹ́ Ọ̀dà

Ọwọ́ púpọ̀ ni ó máa ń kan ọ̀rọ̀ àtijọ́ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ jẹ́ kí a wo èyí lára àwòrán kan tí ó wà ní kàtídírà Saint Bavo, ní ìlú Ghent ní Bẹ́ljíọ̀mù. Hubert van Eyck ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó kú ní 1426, Jan àbúrò rẹ̀ sì parí rẹ̀ ní 1432.

Ní àárín àwòrán náà, Ọ̀dọ́-Àgùntàn dúró lórí pẹpẹ, ẹ̀jẹ̀ sì ń ṣàn láti àyà rẹ̀ sínú ife. Ẹ kíyè sí i pé ìwé méjì ni a so pọ̀ níhìn-ín. Ìfihàn 5:6 ni ó sọ ti Ọ̀dọ́-Àgùntàn tí ó dúró bí èyí tí a ti pa; ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Jòhánù 1:29 ni a kọ ní èdè Látìnì sára aṣọ pẹpẹ. Èdè Gíríìkì pe ti Jòhánù ní amnos, ó pe ti Ìfihàn ní arnion. Agnus ni Látìnì pe méjèèjì, Yorùbá tiwa náà sì lo orúkọ kan ṣoṣo.

Ní nǹkan bí 1550, àwọn mìíràn tún àwòrán náà kùn. Wọ́n fún Ọ̀dọ́-Àgùntàn ní ojú ẹran lásán, ojú yìí sì ni ìran dé ìran mọ̀. Ní 1950 sí 1951, àwọn olùtúnṣe ha ọ̀dà díẹ̀ kúrò níbi orí. Etí àtijọ́ yọ, ti ẹ̀yìn kò sì kúrò. Ọ̀dọ́-Àgùntàn di elétí mẹ́rin! Ẹni tí ó bá ti yẹ ìtumọ̀ wò rí mọ irú etí bẹ́ẹ̀: ọ̀rọ̀ tuntun nínú ẹsẹ kan, ti àtijọ́ nínú èyí tí ó tẹ̀lé e.

Àtúnṣe ńlá bẹ̀rẹ̀ ní 2012. Àyẹ̀wò fi hàn pé ọ̀dà ìpilẹ̀ṣẹ̀ ṣì wà lábẹ́, fáníìṣì àtijọ́ sì là á láàárín sí èyí tí a kùn lé e. Lábẹ́ awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá ni wọ́n ti fi ọ̀bẹ tín-ínrín ha á díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ìpele yìí parí ní 2019, ojú méjì tí ó wo ènìyàn tààrà ni ó farahàn. Àwọn kan fi í rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ó jọ ti ènìyàn jù. Kò yà wá lẹ́nu. Ojú tí a ti fi gbàdúrà kì í rọrùn láti fi sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ tí àwọn àgbà ti há sórí.

Ẹ̀yin alùfáà àti olùtumọ̀, ẹ ka Jòhánù 1:29 àti Ìfihàn 5:6 pọ̀ nínú ìpàdé yín, kí ẹ sì jíròrò rẹ̀: ǹjẹ́ ó yẹ kí Yorùbá ya amnos àti arnion sọ́tọ̀?