"Gba Kámú" Kọ́ Ni Kí A Sọ fún Ọmọ

Bí èsì ìdánwò JAMB bá jáde, tí máàkì ọmọ kò tó èyí tí yunifásítì ń béèrè, ọ̀rọ̀ tó máa ń tètè bọ́ lẹ́nu àwa òbí ni "Gba kámú." A rò pé ìtùnú ni. Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀ràn ti parí, tí ọwọ́ ẹ̀dá kò tó o mọ́, ni Yorùbá ti ń gba kámú: èèyàn tó ti kú, ilé tó ti jó kanlẹ̀. Ọmọ tó lè tún ìdánwò ṣe lọ́dún tó ń bọ̀ kò tíì dé ibẹ̀. Ẹni tó bá ní kó gba kámú ti bá a sọ̀rètí nù kí òun fúnra rẹ̀ tó sọ ọ́ nù.

"Forí tì í" ló yẹ kó gbọ́, kì í sì í ṣe "fara dà á," bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ti ń lo méjèèjì bí ẹni pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Ebi, òtútù àti ìrora abẹ́rẹ́ là ń fara dà. Ẹni tó ń fara dà á wà lójú kan, ó ń retí kí ìyà náà kọjá. Ẹni tó ń forí tì í ní tirẹ̀ ní iṣẹ́ kan lọ́wọ́ tí kò fẹ́ fi sílẹ̀. Ọmọ tí nọ́ọ̀sì fẹ́ gún lábẹ́rẹ́, ẹ ní kó fara dà á. Èyí tí ìṣirò ń dà láàmú, ẹ ní kó forí tì í. Bí ẹ bá ní kí ó fara da ìṣirò, ẹ ti jẹ́ kó mọ̀ pé ìyà ni ìṣirò.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ràn ju méjèèjì lọ: rọ́jú. Ibà dá ọmọ dùbúlẹ̀, oúnjẹ ń korò lẹ́nu rẹ̀, ìyá àgbà jókòó tì í, ó ní, "Rọ́jú jẹ ẹ́, ọkọ mi. Òkèlè méjì péré." Ìyá àgbà kò parọ́ pé oúnjẹ náà dùn, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ pé ara ọmọ náà le. Ó gbà pé ó ti rẹ̀ ẹ́, síbẹ̀ ó bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe ìwọ̀nba tí agbára rẹ̀ ká. Ẹ ṣọ́ra, kí ẹ má kọ ọ́ sí "rójú" tí kò ní àmì lábẹ́. Ẹni tí kò rójú ráyè ni ẹni tí kò ní ìsinmi, ọ̀rọ̀ mìíràn pátápátá nìyẹn.

Ohùn àwọn ọ̀rọ̀ ìtùnú wọ̀nyí náà ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà. Dà, tì àti rẹ̀ (ti rírẹ ọmọ lẹ́kún) ń gba ohùn ìsàlẹ̀ níwájú ọ̀rọ̀ arọ́pò orúkọ: fara dà á, forí tì í, rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Bí ọ̀rọ̀ orúkọ bá tẹ̀ lé wọn, wọ́n á gòkè sí ohùn àárín: fara da ebi, forí ti iṣẹ́, rẹ ọmọ lẹ́kún. Nínú orúkọ Rẹ̀mílẹ́kún, ọ̀rọ̀ arọ́pò orúkọ ni mí tó tẹ̀ lé rẹ̀, ìdí nìyẹn tí orúkọ náà fi ní ohùn ìsàlẹ̀ níbẹ̀rẹ̀.

Kí a tilẹ̀ dúró lórí rírẹ ọmọ lẹ́kún. Ó yàtọ̀ sí pípa á lẹ́nu mọ́. "Ṣebí ọkùnrin ni ẹ́?" pípa lẹ́nu mọ́ ni, ẹkún ṣì kún inú ọmọ náà. Ẹni tó fẹ́ rẹ ọmọ lẹ́kún á kọ́kọ́ ní "Pẹ̀lẹ́," á jẹ́ kó sunkún díẹ̀, á bi í léèrè ohun tó ṣe é, lẹ́yìn náà ni á wá ní "Tújú ká." Bí "tújú ká" bá ṣáájú "pẹ̀lẹ́," àṣẹ ló dà.

Ẹni tó tẹ ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843, Àjàyí Crowther, mọ bí nǹkan ṣe ń rí fún ọmọdé tí wàhálà dé bá. Ní 1821, nígbà tí kò tíì ju ọmọdé lọ, ogun kó ìlú wọn, Òṣogùn. Wọ́n yà á kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, wọ́n sì ń tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́. Nínú ìtàn tí òun fúnra rẹ̀ kọ ní 1837, kò fi pa mọ́ pé ayé sú òun débi pé òun gbìyànjú láti gbẹ̀mí ara òun. Ní 1822, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba òun àti àwọn ẹrú yòókù lọ́wọ́ àwọn Potogí tó rà wọ́n, ó kó wọn lọ sí Sàró, ibẹ̀ ni Àjàyí ti rí ilé ẹ̀kọ́ wọ̀. Ó di 1846 kí òun àti ìyá rẹ̀ tó fojú kanra ní Abẹ́òkúta. A máa ń fi í ṣe àpẹẹrẹ ìfaradà fáwọn ọmọ. Ó fara dà á lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ká ní kò sẹ́ni tó gbà á ńkọ́? Ìforítì tí a ń yìn, ilé ẹ̀kọ́ Sàró ló ti ráyè ṣe é.

Ìdí nìyí tí inú fi ń bí mi bí mo bá gbọ́ tí àgbà ń sọ fún ọmọ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lù nílé ẹ̀kọ́ pé kó ní àmúmọ́ra. Àárín tọkọtaya, àárín aládùúgbò tó ń ṣẹ ara wọn láìmọ̀ọ́mọ̀, ni àmúmọ́ra wà fún. Èyí tó tún burú jù ni pé bí ọmọ náà bá sọ̀rọ̀ síta, a ó pè é ní olófòófó. Òfófó ni kéèyàn gbé ọ̀rọ̀ tí kò kàn án láti ilé kan dé òmíràn. Ọmọ tí wọ́n gbá létí, tó lọ sọ fún tíṣà, ẹjọ́ ara rẹ̀ ló fi sùn.