Èbúté Tí A Kò Yàn

Ẹ̀kọ́ Bíbélì fún ìjíròrò ẹgbẹ́
Ibi kíkà: Ìṣe Àwọn Àpósítélì 27:9–44, 28:1–11
Ẹsẹ àkọ́sórí: Jẹ́nẹ́sísì 50:20
Kókó ẹ̀kọ́: Ibi tí ìjì gbé wa sí lè jẹ́ ibi iṣẹ́ fún wa, títí Ọlọ́run yóò fi ṣí ọ̀nà.

ÌFÁÀRÀ

Kuje ni mo ń gbé. Ọ̀pọ̀ nínú yín ti wá sí Àbújá rí tí ẹ kò dé ọ̀dọ̀ wa. Orúkọ ọgbà ẹ̀wọ̀n ló mú kí àwọn ènìyàn mọ Kuje, pàápàá láti òru ọjọ́ 5 oṣù Keje 2022 tí àwọn agbébọn ya wọ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlú ni, ọjà ńlá wà níbẹ̀, àwọn Gbagyi ló nilẹ̀, ilé ìwé sì pọ̀. Nínú ọ̀kan lára àwọn ilé ìwé náà ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní Bàọ́lọ́jì.

Èmi kọ́ ni mo yan Kuje. Lẹ́yìn tí mo ṣe àgùnbánirọ̀ tán, mo rí ààyè gbà láti lọ kàwé sí i ní Yúróòpù. Ẹgbẹ́ ti gbàdúrà fún mi, wọ́n ti ra báàgì ìrìnàjò fún mi, mo ti dágbére. Wọn kò fún mi ní físà. Mo tún gbìyànjú lẹ́ẹ̀kejì, wọn kò tún fún mi. Nígbà tí owó tán, mo gba iṣẹ́ olùkọ́ ní Kuje. Mo sọ fún ara mi pé oṣù mẹ́ta péré ni. Ọdún kẹrin rèé. Báàgì náà ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn mi, aṣọ òtútù wà nínú rẹ̀, n kò tú u.

Ní nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn, arákùnrin kan tó jáde nínú ẹgbẹ́ wa ní Gwagwalada wá bá mi lálẹ́. Ó ti pé ọdún méjì tó ti parí ẹ̀kọ́, kò tíì ríṣẹ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá owó. Mo ti rí àwọn tó máa mú wa gba Agadez dé Líbíà. Ibẹ̀ la ti máa wọkọ̀ ojú omi."

Mo ní kó má lọ. Ó bi mí pé, "Kí n wá jókòó síbí ṣe kí ni?" N kò rí èsì fún un, nítorí èmi náà kò tíì jókòó. Ẹni tí báàgì rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà fún ọdún mẹ́rin, kí ló fẹ́ sọ fún ẹlòmíràn nípa sùúrù? Ẹ̀kọ́ yìí ni èsì tí mo ń wá láti alẹ́ ọjọ́ náà.

1. MẸ́LÍTÀ: ELÉWỌ̀N TÓ ṢA IGI ÌDÁNÁ

Róòmù ni Pọ́ọ̀lù ń lọ. Ẹlẹ́wọ̀n ni, balógun ọ̀rún kan tó ń jẹ́ Júlíọ́sì ló ń ṣọ́ ọ. Kí wọ́n tó kúrò ní Kírétè, Pọ́ọ̀lù ti kìlọ̀ pé ewu wà nínú ìrìnàjò náà fún ẹrù, fún ọkọ̀, àti fún ẹ̀mí pàápàá. Ẹ wo orí 27 ẹsẹ 11 dáadáa. Ọ̀rọ̀ ọ̀gá atukọ̀ àti ti ọlọ́kọ̀ ni balógun gbà gbọ́ ju ti Pọ́ọ̀lù lọ. Ẹ má gbàgbé ẹsẹ yìí, a ó padà sí i.

Ìjì dé, ó sì gbá wọn kiri títí di òru kẹrìnlá. Wọ́n ju ìdákọ̀ró mẹ́rin sómi, wọ́n ń retí kí ilẹ̀ mọ́. Ènìyàn 276 ló wà nínú ọkọ̀. Ọkọ̀ fọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀mí kan tó ṣòfò. Àwọn kan lúwẹ̀ẹ́, àwọn kan di pákó mú. Ìgbà tí wọ́n gúnlẹ̀ tán ni wọ́n tó mọ̀ pé Mẹ́lítà ni orúkọ erékùṣù náà. Ẹ ò rí i pé Pọ́ọ̀lù kò tilẹ̀ mọ orúkọ ibi tí Ọlọ́run fẹ́ lò ó!

Erékùṣù yìí ni ayé ń pè ní Malta lónìí, ní àárín Òkun Mẹditaréníà, ní gúúsù Sísílì. Valletta, ìlú èbúté rẹ̀ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní 1566, jẹ́ ìlú tí àwọn arìnrìnàjò káàkiri ayé máa ń lọ wò. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kejì ọdọọdún, wọ́n máa ń ṣe àjọ̀dún níbẹ̀ ní ìrántí ọkọ̀ tó fọ́ mọ́ Pọ́ọ̀lù lábẹ́. Ẹlẹ́wọ̀n tí kò pète àtidé ibẹ̀ ni wọ́n ń rántí.

Kí ni Pọ́ọ̀lù ṣe níbẹ̀? Òjò ń rọ̀, òtútù ń mú. Àwọn ará erékùṣù, tí àwọn ọ̀làjú ìgbà náà kà sí aláìgbédè, dáná fún gbogbo wọn. Pọ́ọ̀lù náà bẹ̀rẹ̀, ó ṣa igi ìdáná. Àpósítélì ni o, ẹni tí áńgẹ́lì Ọlọ́run bá sọ̀rọ̀ lórí òkun. Kò jókòó kó máa sọ pé Róòmù ni òun ń lọ, kì í ṣe ibí.

Nínú igi yẹn ni paramọ́lẹ̀ ti jáde sí i lọ́wọ́. Àwọn tó ń wò ó kọ́kọ́ ní apànìyàn ni. Nígbà tí kò kú, wọ́n ní òrìṣà ni. Èkíní kì í ṣe òótọ́, èkejì kì í ṣe òótọ́. Níbi tí o bá gúnlẹ̀ sí, àwọn kan yóò ní ẹ̀ṣẹ̀ rẹ ló gbé ọ débẹ̀, àwọn mìíràn yóò yìn ọ́ kọjá bó ṣe yẹ. Gbọn ejò náà sínú iná, kí o máa bá iṣẹ́ lọ. Lẹ́yìn èyí ni Pọ́ọ̀lù gbàdúrà fún bàbá Púbílíọ́sì, ara rẹ̀ yá, àwọn aláìsàn yòókù sì ń wá.

2. ÀGBÁDÁRÌGÌ: ỌMỌ MÉJÌ TÍ WỌ́N TÀ

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé alẹ́ ọjọ́ yẹn, àwa àgbà ẹgbẹ́ pàdé ní Èkó. Mo wọkọ̀ láti Kuje, a gba Lọ́kọ́ja, ó rẹ̀ mí tẹnutẹnu kí n tó dé. Lọ́jọ́ kejì, gbogbo wa forí lé Àgbádárìgì.

A rí ibi tí igi Agia wà tẹ́lẹ̀, kó tó wó ní 1959. Abẹ́ igi yẹn ni wọ́n ti wàásù ìyìn rere. Thomas Birch Freeman, míṣọ́nnárì Wẹ́sílì tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Áfíríkà, gúnlẹ̀ ní Àgbádárìgì ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án 1842. Henry Townsend ti ìjọ CMS dé ní oṣù Kejìlá ọdún kan náà. A gun òkè ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àwọn míṣọ́nnárì, èyí tí wọ́n parí ní 1845, tó sì jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní ilẹ̀ wa.

A kò rìn jìnnà kí a tó dé ilé Séríkí Williams Abass. Ibẹ̀ ni a ti rí yàrá tóóró tí wọ́n ń kó ẹrú sí. Mo wọlé, mo sì tètè jáde. Ìlú kan náà ni, òkun kan náà. Níbi tí ìyìn rere ti ń wọlé ni wọ́n ti ń kó ènìyàn jáde.

Lẹ́yìn náà a wọkọ̀ ojú omi, a sọdá ọ̀sà lọ sí erékùṣù Gbẹ́rẹ́fú. A fẹsẹ̀ rìn lórí iyanrìn lọ sí etí òkun, níbi tí àwọn ẹrú ti ń wọkọ̀ àlọ tí kò ní àbọ̀. Lójú ọ̀nà, ẹni tó ń mú wa kiri fi kànga kan hàn wá. Ó ní àwọn bàbá wọn sọ pé wọ́n máa ń mú àwọn ẹrú mu omi rẹ̀ kí wọ́n lè gbàgbé ilé.

Níbi kànga yẹn ni mo ti ronú nípa ọmọ méjì. Wọ́n mú Abass ní kékeré, láti Ìjògà-Orílé ní ilẹ̀ Yewa, wọ́n tà á fún oníṣòwò ará Bùràsíìlì. Ó kọ́ èdè, ó padà wálé, òun náà sì di oníṣòwò ẹrú ńlá. Wọ́n mú Àjàyí ní Òṣoògùn ní 1821, nígbà tó tó ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Wọ́n tà á títí ó fi dé Èkó, wọ́n kó o sínú ọkọ̀ àwọn Potogí. Ní oṣù Kẹrin 1822, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà wọ́n, ó sì kó wọn lọ sí Freetown. Ibẹ̀ ló ti mọ Kristi. Òun ni Samuel Àjàyí Crowther, ẹni tó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864.

Ẹ̀yin ará, ìyà nìkan kì í sọ ènìyàn di mímọ́. Ìyà kan náà jẹ àwọn méjèèjì. Ọ̀kan kọ́ ìṣòwò náà lọ́wọ́ àwọn tó tà á. Èkejì padà wá pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìdáǹdè. Èyí ni Jósẹ́fù ń sọ nínú ẹsẹ àkọ́sórí wa. Ibi ni àwọn arákùnrin rẹ̀ pète, òun náà kò pè é ní ire. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run ní ète tirẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ tún gbọ́ ìyókù. Ní oṣù Kìíní 1845, Crowther, Townsend àti Gollmer gúnlẹ̀ ní Àgbádárìgì. Abẹ́òkúta ni wọ́n ń lọ. Ṣódẹkẹ́, olórí Ẹ̀gbá tó ti gba Townsend tọwọ́tẹsẹ̀ ṣáájú, kú ní oṣù yẹn gan-an, ogun sì dí ọ̀nà. Nǹkan bí oṣù méjìdínlógún ni wọ́n fi dúró ní ibi tí wọn kò pète láti dúró sí. Wọ́n kọ́lé, wọ́n kọ́ ìjọ, wọ́n kọ́ àwọn ọmọdé, Crowther sì ń wàásù ní Yorùbá. Nígbà tí ọ̀nà là, wọ́n dé Abẹ́òkúta ní 1846. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹjọ, Crowther fojú kan ìyá rẹ̀, lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Wọ́n ṣèrìbọmi fún ìyá náà ní 1848. Omi ìgbàgbé, bó ti wù kó jẹ́, kò ran ọmọ yẹn.

3. KUJE: BÁÀGÌ TÍ MO TÚ

Mo padà sí Kuje, mo sì rí ohun tí n kò rí tẹ́lẹ̀. Ọyẹ́ ọdún àkọ́kọ́ tí mo débẹ̀ mú mi gan-an. Màmá onílé wa, obìnrin Gbagyi, kò gbọ́ Yorùbá, èmi kò gbọ́ èdè rẹ̀. Ní òru kan tí ikọ́ kò jẹ́ kí n sùn, ó gbé iná èédú wá sí ẹnu ọ̀nà mi pẹ̀lú omi gbígbóná. Mo dúpẹ́ nígbà náà, ṣùgbọ́n n kò ronú sí i. Iná Mẹ́lítà ni, n kò mọ̀. Èmi ni n kò tíì ṣa igi kankan sí i.

Mo tú báàgì náà. Mo kó aṣọ òtútù sínú àpótí. Ní Sátidé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò tó fẹ́ ṣe ìdánwò WAEC lábẹ́ igi máńgòrò onílé wa, láìgba owó. Ọmọ-ọmọ màmá wà lára wọn.

Ẹ má ṣe ṣì mí gbọ́. N kò sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni ìrìnàjò. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, Pọ́ọ̀lù wọkọ̀ mìíràn lọ sí Róòmù. Bí físà bá dé lọ́la, èmi náà lè lọ. Ṣùgbọ́n ẹ padà sí ẹsẹ 11. Àwọn tó ń kó àwọn ọmọ wa gba aṣálẹ̀ ni ọlọ́kọ̀ lónìí. Owó ni wọ́n ń gbà, ẹlòmíràn ló ń kú. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹwàá 2013, ọkọ̀ kan tó ti Líbíà wá rì sí tòsí Lampedusa, erékùṣù tí kò jìnnà sí Malta. Ó lé ní 360 ènìyàn tó kú lọ́jọ́ kan náà. Ẹ má ṣe gba ọ̀rọ̀ ọlọ́kọ̀ gbọ́ ju ìkìlọ̀ lọ.

Mo pe arákùnrin wa yẹn, mo sọ gbogbo èyí fún un. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó wá ràn mí lọ́wọ́ ní Sátidé, nítorí ó mọ Ìṣirò jù mí lọ. Ó ti wá lẹ́ẹ̀mẹta báyìí. Kò tíì ṣèlérí fún mi pé òun kò ní lọ. Ẹ bá mi gbàdúrà fún un.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ló fà á tí balógun ọ̀rún fi gba ọlọ́kọ̀ gbọ́ ju Pọ́ọ̀lù lọ? Ta ni "ọlọ́kọ̀" ní ìgbà tiwa?
2. Ibo ni ìwọ gúnlẹ̀ sí tí o kò yàn: ẹ̀ka ẹ̀kọ́, ìlú, tàbí ilé? Ta ló dáná fún ọ níbẹ̀?
3. Iṣẹ́ kékeré wo ló wà níbẹ̀ tí o ti ń rò pé kò yẹ ipò rẹ?
4. Kí ló ya ìgbẹ̀yìn Abass sọ́tọ̀ sí ti Crowther? Kí ni ìwọ ń fi ìyà tó jẹ ọ́ ṣe?
5. Báwo ni ẹgbẹ́ ṣe lè ran àwọn tó ti jáde tí wọn kò ríṣẹ́ lọ́wọ́, yàtọ̀ sí pé kí a gbàdúrà fún wọn?

ÀDÚRÀ

Baba, má ṣe jẹ́ kí a sun ní èbúté tí o gbé wa sí. Fi igi tí a ó ṣà hàn wá. Bí ọ̀nà bá là, mú wa lọ. Bí kò bá tíì là, wà pẹ̀lú wa níbí. Pa àwọn ọmọ wa tó wà ní aṣálẹ̀ àti lórí òkun mọ́ lálẹ́ yìí. Ní orúkọ Jésù. Àmín.