SAN GBÈSÈ RẸ KÍ O TÓ GBÉ ÌYÀWÓ WỌLÉ

Ẹ̀kọ́ fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń múra ìgbéyàwó, àti fún àwọn òbí wọn, ní Akpassi àti ní gbogbo agbègbè Bantè àti Savalou

Ibi kíkà: Gẹ́nẹ́sísì 29:15–30, Gẹ́nẹ́sísì 30:25–30, II Àwọn Ọba 4:1–7.
Ẹsẹ àkọ́sórí: Òwe 24:27. Kí olúkúlùkù kọ́ ọ láti inú Bíbélì tirẹ̀.
Kókó ẹ̀kọ́: Gbèsè tí a bá gbé wọ ilé ìgbéyàwó, aya àti ọmọ ni yóò bá wa san án.

Ọ̀RỌ̀ ÌṢÁÁJÚ



Bí a bá fẹ́ gbé ìyàwó nílùú wa, ìwádìí kì í kéré. Ẹbí ọmọbìnrin á wádìí bóyá àrùn burúkú wà nílé ọkọ, bóyá wọ́n ń jalè, bóyá ọmọkùnrin náà mọ iṣẹ́ oko. Ẹbí ọkọ náà á wádìí ìwà ọmọge. Gbogbo ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí a kì í sábà bèèrè: Ta lo jẹ lówó? Èló ni? Ọjọ́ wo lo dá fún un? Ojú ń ti ọmọkùnrin láti sọ ọ́, ojú ń ti ọmọbìnrin láti bi í. Ìyàwó á wọlé, oṣù kejì kò ní tíì pé tí olówó fi máa dé ẹnu ọ̀nà. Ìgbà náà ni ọmọbìnrin á tó mọ irú ilé tí òun bọ́ sí.

Àwọn àgbà wa ní igi tó máa gún ni lójú, òkèèrè la ti í wò ó. Ẹ jẹ́ kí a wò ó láti òkèèrè lónìí.

I. ÌWỌ̀FÀ, OHUN TÍ OJÚ ÀWỌN BABA WA RÍ

Láyé àtijọ́, bí ìnáwó bá dé, ìbáà ṣe òkú sísin, ìbáà ṣe ìyàwó gbígbé, ẹni tí kò lówó á lọ bá olówó, á sì fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Àlùfáà Samuel Johnson ti Ọ̀yọ́, ẹni tó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ lọ́dún 1897, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 1921, ṣàlàyé ọ̀ràn yìí dáadáa. Ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú. Ọmọ onílé ọmọ ọlọ́nà ni, kò sí ẹni tó lè tà á.

Ṣùgbọ́n ẹ fọkàn sí ibi tí oró rẹ̀ wà. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe lóko olówó, èlé nìkan ni iṣẹ́ náà ń san. Kò dín ohunkóhun kù nínú owó tí a yá. Bí ó fi ọdún mẹ́wàá kọ ebè, owó tí bàbá rẹ̀ gbà lọ́jọ́ kìíní ṣì wà nílẹ̀ lódindi. Ọmọ lè dàgbà sílé olówó nítorí owó tí kò mọ bí wọ́n ṣe ná an.

Ẹni tí kò bá sì san, tí kò fi ẹnikẹ́ni ṣe ìwọ̀fà, olówó lè rán ológò sí i. Ológò á wá jókòó tì í nílé, á máa pariwo, á máa bú, á máa mú adìẹ ilé pa, títí ojú á fi ti ẹbí, tí wọ́n á dá owó náà jọ. Gbèsè ẹnì kan á di gbèsè agbo ilé.

Lọ́dún 1956, ní ìlú Geneva, àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé ṣe àdéhùn kan tó ka fífi ènìyàn dúró fún gbèsè mọ́ àwọn àṣà tó jọ oko ẹrú, wọ́n sì ní kí a fòpin sí i. Nínú òfin, ìwọ̀fà ti tán. Nínú ilé ńkọ́?

II. ÌWỌ̀FÀ ÒDE ÒNÍ

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Ọmọkùnrin kan yá 100.000 fráǹkì sẹ́fà lọ́wọ́ olówó èlé láti fi ṣe ìdána. Èlé rẹ̀ jẹ́ 10.000 lóṣù. Ó ń gbìyànjú, kò jẹ oṣù kan. Nígbà tí ọdún pé, ó ti san 120.000. Èló ló kù? 100.000 náà ni! Ó ti san ju ohun tó yá lọ, kò sì tíì bẹ̀rẹ̀ sí í san gbèsè. Ṣé ẹ rí i pé ebè ìwọ̀fà ló ń kọ? Àwọn ará Nàìjíríà pe irú owó bẹ́ẹ̀ ní sọgúndogójì, wọn kò sì purọ́ mọ́ ọn.

Ẹ fi wé ti ilé ìfowópamọ́ kékeré, irú CLCAM. Láti ọdún 2014, òfin ní àwọn orílẹ̀-èdè UEMOA tí Benin wà nínú rẹ̀ ni pé èlé wọn kò gbọdọ̀ kọjá 24 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Lórí 100.000, ìyẹn kò lè ju 24.000 lọ lọ́dún kan gbáko. Kì í ṣe pé kí gbogbo ènìyàn sáré lọ yáwó níbẹ̀ o. A kàn ń fi hàn yín pé gbèsè ju gbèsè lọ.

Ọ̀nà kejì ni ti kajú. Nígbà òjò, tí owó ti tán lọ́wọ́ àgbẹ̀, oníṣòwò á wá, á ní òun á sanwó kajú sílẹ̀ kí igi tó so. Bí ó bá san 200 lórí kílò kan, tí ọjà sì wá ṣí ní 300, ẹni tó ti ta 500 kílò báyìí ti pàdánù 50.000. Kò pè é ní gbèsè, kò sì pè é ní èlé, ṣùgbọ́n èlé ni. Bí èyí bá ń rí bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún, oko á jẹ́ tirẹ̀ lẹ́nu, owó oko á jẹ́ ti ẹlòmíràn.

Ní báyìí, ta ni ìwọ̀fà nínú ilé bẹ́ẹ̀? Ìyàwó ni, tó ń din gàrí láti òru, tí ọkọ sì ń gba owó rẹ̀ fún olówó. Ọmọ ni, tí wọ́n lé nílé ìwé nítorí owó, tàbí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí Cotonou lọ bá ẹlòmíràn gbé, tí kò sí ẹni tó mọ iṣẹ́ tí wọ́n ń gbé fún un. Lọ́dún 2006, ìjọba Benin ṣe òfin tó de kíkó ọmọdé láti ibì kan lọ sí ibòmíràn fún iṣẹ́ ìyà. Òfin lè ká ẹni tó kó ọmọ lọ mọ́ ojú ọ̀nà. Gbèsè tó mú kí bàbá fi ọmọ sílẹ̀, inú ilé la ti máa pa á.

III. JÁKỌ́BÙ NÍLÉ LÁBÁNÌ

Jákọ́bù dé ilé Lábánì lọ́wọ́ òfo, kò ní ohun ìdána. Ó fi ọdún méje sìn ná kó tó gba ìyàwó. Ètò yẹn dára. Bí Lábánì tilẹ̀ rẹ́ ẹ jẹ tó fún un ní Léà, Jákọ́bù kò jẹ gbèsè lórí rẹ̀.

Nígbà tó kan Rákẹ́lì, ètò yí padà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan péré ni wọ́n fún un, ó sì wá ń sin ọdún méje mìíràn lẹ́yìn ìgbéyàwó. Ìyàwó àwìn ni. Nínú ọdún wọ̀nyẹn ni ọmọ ń bí lé ọmọ. Nígbà tí a bí Jósẹ́fù, ọmọkùnrin mọ́kànlá àti Dínà ti wà nílẹ̀, Jákọ́bù sì wá bi Lábánì pé ìgbà wo ni òun náà yóò pèsè fún ilé ara òun. Ẹ rò ó wò. Ọlọ́mọ méjìlá, tí agbo ẹran ẹlòmíràn ti ọwọ́ rẹ̀ pọ̀ sí i, kò tíì ní agbo tirẹ̀.

Jákọ́bù kì í ṣe ọ̀lẹ. Ọlọ́run sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tó bá ti ta agbára rẹ̀ sílẹ̀, ẹni tó rà á ló ń kórè rẹ̀. Nítorí náà, kí ọ̀dọ́mọkùnrin má ṣe sọ pé, “Mo lágbára, màá san án lẹ́yìn ìyàwó.” Agbára tó fẹ́ fi san án náà ni agbára tí aya àti ọmọ máa fẹ́ jẹ.

IV. OPÓ AJIGBÈSÈ

Obìnrin inú II Àwọn Ọba 4, ọkọ rẹ̀ jẹ́ olùbẹ̀rù Ọlọ́run, ṣùgbọ́n ó kú sínú gbèsè. Olówó kò wò ó pé ẹni Ọlọ́run ni. Ó wá kó ọmọ méjì. Nígbà tí òróró kún ìkòkò tán, ẹ ṣàkíyèsí ètò tí Èlíṣà là sílẹ̀ fún un ní ẹsẹ 7: kó tà á, kó san gbèsè, lẹ́yìn náà ni kí òun àti àwọn ọmọ máa jẹ ìyókù. Gbèsè ló ṣáájú oúnjẹ. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń gbàdúrà fún òróró, ṣùgbọ́n bó bá dé, alùpùpù tuntun la ó fi rà.

V. OHUN TÍ A Ó ṢE

1. Kọ gbogbo gbèsè rẹ sílẹ̀. Orúkọ olówó, iye tí o yá, iye èlé, ọjọ́ àdéhùn. Bí o kò bá mọ̀wé, jẹ́ kí àbúrò rẹ bá ọ kọ ọ́. Kọ ti aṣọ tí o gbà láwìn àti ti oògùn kòkòrò pẹ̀lú. Ẹ̀yin ọmọge, ẹ kọ tiyín náà; ọjà tí ẹ gbà lọ́wọ́ aláràtúntà, gbèsè ni.

2. Lọ bá olówó kó tó wá bá ọ. Mú àgbà kan dání. Bẹ̀ ẹ́ kó dá èlé dúró kí o lè máa san owó gan-an. Ọ̀pọ̀ olówó yóò gbà, nítorí òun náà ń bẹ̀rù kí owó rẹ̀ má bàa sá lọ sí Nàìjíríà. Àwọn àgbà ní ẹni tó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbèje.

3. Kọ́kọ́ pa èyí tí èlé rẹ̀ ń bí jù. Èyí tí o jẹ ẹ̀gbọ́n rẹ tí kò ní èlé, bẹ̀ ẹ́ kó ní sùúrù, ṣùgbọ́n má ṣe jẹ́ kó dọdún tí kò rí nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ.

4. Ọjọ́ tí o bá ta kajú ni kí o san gbèsè, kí owó má sùn nílé. Má dúró di ọdún iṣu Savalou ní 15 oṣù kẹjọ, nígbà tí àlejò pọ̀, tí ìnáwó sì pọ̀.

5. Dá àjọ. Bí o bá ń dá 200 fráǹkì lójúmọ́ fún ọjọ́ 31, alájọ á mú 200 kan, 6.000 á kù fún ọ. Lẹ́ẹ̀méjìlá, ó di 72.000. Èésú àwọn baba wa kì í ṣe ohun kékeré. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú gbé e kọjá òkun, títí dòní wọ́n ń pè é ní susu ní Trinidad.

6. Má fi owó ìlọ́po wá ọ̀nà àbùjá. Lọ́dún 2010, ilé iṣẹ́ ICC Services tó ń ṣèlérí èrè ńlá dà wó ní Benin, owó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì bá a lọ. Ẹni tó fi owó gbèsè síbẹ̀ jẹ gbèsè lẹ́ẹ̀mejì.

7. Sọ fún àfẹ́sọ́nà rẹ. Fi ìwé náà hàn án. Bó bá sá, ó sàn kó sá lónìí ju kó ṣubú sínú rẹ̀ lọ́la.

Ẹnì kan lè bi wá pé: “Ṣé kí ènìyàn má gbéyàwó títí gbogbo gbèsè á fi tán?” Rárá o. Owó tí o yá fi ra irúgbìn, tàbí tí o fi gbé ìyá rẹ lọ sílé ìwòsàn, tó ní ọjọ́ àdéhùn, tí o ń san déédéé, tí ìyàwó sì mọ̀ nípa rẹ̀, kò ní kí o má gbéyàwó. Gbèsè tí èlé rẹ̀ ń jẹ ọ́, tí o sì ń fi pa mọ́, òun ni kí o mú kúrò lọ́nà ná. Ohun tí Òwe 24:27 ń kọ́ wa náà nìyẹn: iṣẹ́ oko ṣáájú ilé kíkọ́.

VI. Ẹ̀YIN ÒBÍ

Ọ̀rọ̀ yìí kàn yín jù. Òfin ẹbí Benin tọdún 2004 sọ pé ohun àmì lásán ni ìdána. Òfin kò ní kí a kó àpótí aṣọ, kò ní kí a ká igo ọtí, kò ní kí a pa màlúù. Bí ẹ bá ní kí ọmọ ọlọ́mọ mú ohun tí kò ní wá, yóò lọ yá a. Ta ni yóò bá a san án? Ọmọ tiyín tí ẹ fi fún un ni! Ìwé Diutarónómì 24:5 ní kí ọkọ ìyàwó tuntun wà nílé lódindi ọdún kan, kó mú inú aya rẹ̀ dùn. Àwa ń ṣe ìyàwó alárinrin, oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀ ọkọ á sá lọ sí Nàìjíríà láti wá owó ìyàwó náà, ìyàwó tuntun á sì dá sùn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni gbèsè òkú. Ẹ má ṣe di ìnáwó ìsìnkú bàbá lé ọmọkùnrin tí kò tíì ní ilé. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ obìnrin, aṣọ ẹgbẹ́ tuntun fún gbogbo ìyàwó tó bá délẹ̀, ẹ dín in kù. Aṣọ àná ṣì mọ́.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni iṣẹ́ ìwọ̀fà ń san, kí ni kò san?
2. Ìyàtọ̀ wo ló wà láàárín ọdún méje àkọ́kọ́ Jákọ́bù àti ọdún méje ìkejì?
3. Kí ni Èlíṣà ní kí opó náà kọ́kọ́ fi owó òróró ṣe?
4. Bí ẹnì kan yá 50.000, tó ń san èlé 5.000 lóṣù, èló ni yóò ti san lọ́dún kan? Èló ni yóò kù?
5. Ìnáwó wo nínú ìgbéyàwó ìlú wa ni a lè fà sẹ́yìn láìsí ìtìjú?

IṢẸ́ ṢÍṢE: Kí olúkúlùkù àfẹ́sọ́nà kọ ìwé gbèsè rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ yìí, kí àwọn méjèèjì jókòó kà á pọ̀ níwájú àgbà kan tí wọ́n fọkàn tán.

ÀDÚRÀ: Kí Olúwa là wá lójú láti mọ iye tí a jẹ. Kó fún wa ní okun láti san án. Kó má jẹ́ kí ọmọ tí a kò tíì bí wá bá ọ̀rọ̀ olówó nílẹ̀. Àmín.