Ọ̀rọ̀ Òyìnbó Nípa Ohun Tó Ń Bàjẹ́

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà àti Agége, níbi tí ilé iṣẹ́ pọ̀ sí. Lójoojúmọ́ ni à ń gbọ́ èdè Òyìnbó lẹ́nu àwọn ọ̀gá. Bí Yorùbá ti ní àkànlò èdè, bẹ́ẹ̀ náà ni Òyìnbó ní tirẹ̀. Bí a bá túmọ̀ rẹ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ, a ó ṣì í gbọ́. Ẹ jẹ́ kí a wo mẹ́rin lónìí.

1. "On its last legs." Èyí ni pé nǹkan dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ ìkẹyìn. Ká ní ọ̀gá sọ ọ́ nípa ẹ̀rọ tí ẹ ń lò. Ẹ má wá ẹsẹ̀ ẹ̀rọ kiri o! Ohun tó ń wí ni pé ẹ̀rọ náà fẹ́ gbẹ́mìí mì. Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí bá yé yóò ṣọ́ ọwọ́ rẹ̀.

2. "Gone to seed." Kí ilé iṣẹ́ tó pọ̀ ní Agége, oko obì àti kòkó ló wà níbẹ̀, nítorí náà ọ̀rọ̀ oko kò ṣàjèjì sí wa. Ẹ̀fọ́ tí a kò já lásìkò yóò yọ òdòdó, yóò so èso, ewé rẹ̀ yóò sì le. Òyìnbó ń lo ọ̀rọ̀ yìí fún ilé tí a kò tún ṣe, tàbí ẹni tí kò tọ́jú ara rẹ̀ mọ́.

3. "Gone to the dogs." Nǹkan ti lọ sọ́dọ̀ ajá. Ohun tí kò yẹ ènìyàn mọ́ ni à ń jù fún ajá. Ẹ̀gàn wà nínú rẹ̀, ẹ rọra lò ó. Ní ọdún 2008, ilé iṣẹ́ Dunlop ní Ìkẹjà dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró. Owó iná ga, táyà olówó pọ́ọ́kú sì ń wọlé láti òkè òkun. Òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò yẹ fún ẹ̀gàn. Yorùbá a ní ó di ẹdun arìnlẹ̀. Ẹdun ni ọ̀bọ tó ń gbé orí igi. Nígbà tó bá di èrò ilẹ̀, àánú ló ń ṣe ni. Ọ̀tọ̀ ni àánú, ọ̀tọ̀ ni ẹ̀gàn.

4. "Rusty." Ó ti dógùn-ún. Òyìnbó ń sọ ọ́ nípa irin, wọ́n sì ń sọ ọ́ nípa ẹni tó mọ iṣẹ́ kan tẹ́lẹ̀, tó fi í sílẹ̀ títí ọwọ́ rẹ̀ fi le. Igi tó jẹrà ti lọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n irin tó dógùn-ún ṣì ṣeé ha, ó ṣì ṣeé fi epo pa.

Ìwé kíkà tiwa náà ńkọ́? Ẹni tó jáde ní kíláàsì alẹ́, tí kò ṣí ìwé mọ́, kò ní pẹ́ tí yóò tún máa bẹ ọmọ aládùúgbò kó bá òun ka lẹ́tà. Àṣírí ilé rẹ̀ a sì di ti gbogbo àdúgbò. Ẹ má jẹ́ kí tiyín dógùn-ún. Ẹ ka nǹkan díẹ̀ lójoojúmọ́: àkọlé ara mọ́tò, lẹ́tà ọmọ, ìwé owó oṣù.

Ìbéèrè
1. Kí ni ẹ ó ṣe bí ọ̀gá bá ní ẹ̀rọ yín wà lórí ẹsẹ̀ ìkẹyìn?
2. Kí ni ìyàtọ̀ láàrin kí nǹkan jẹrà àti kí ó dógùn-ún?
3. Ẹ kọ àkànlò èdè Yorùbá kan nípa ohun tó ń bàjẹ́.