Kóró Panṣẹ́kẹ́ Kò Kú

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, ẹ mọ igi panṣẹ́kẹ́, olódòdó pupa tí ń ṣíji bo ọ̀nà ní àdúgbò bíi Bódìjà. Èso rẹ̀ gùn bí idà. Bó bá gbẹ, a máa dún ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀. Erékùṣù Madagásíkà ló ti wá.

Ẹlòmíràn á gbin kóró rẹ̀, á bomi rin ín títí, kò ní hù. Á ní ó ti kú, á dà á nù. Fún ẹni tó fẹ́ máa ta ọmọ igi létí títì Ring Road, gbèsè nìyẹn. Àwa ní kóró náà kò kú o. Èèpo rẹ̀ ló le, omi kò ráyè wọlé.

Ẹ gbé omi kaná. Bó bá ti hó, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ná, kí ẹ tó da kóró sí i. Ẹ má sè é bí ẹ̀wà! Èyí tí a bá sè ló kú lóòótọ́. Ẹ fi í sínú omi náà fún wákàtí 24. Èyí tó bá wú, ẹ gbìn ín lọ́jọ́ náà. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, yóò máa yọrí. Èyí tí kò wú, ẹ fi sáńpépà káfíńtà ha ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ díẹ̀, kí ẹ tún rẹ ẹ́. Ẹ má ha ojú kóró, ibẹ̀ ni ọmọ igi wà.

Bó bá dàgbà tó láti lọ̀, ẹ gbìn ín jìnnà sí ògiri ilé, torí gbòǹgbò rẹ̀ a máa tàn lójú ilẹ̀.