Ọká, Paramọ́lẹ̀ àti Erè: Ẹ̀kọ́ Lórí Àwọn Ẹ̀dá Tí Ń Rákò ní Àyíká Wa

Àwọn àgbà a máa pa á lówe pé àìkọ́wọ̀ọ́rìn ejò ni ó ń jẹ ọmọ ejò níyà: bí ọká bá ṣáájú, tí paramọ́lẹ̀ tẹ̀lé e, tí erè sì ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn, kò sí ẹni tí yóò dúró dè wọ́n. Òwe náà dára fún ẹ̀kọ́ ìṣọ̀kan, ṣùgbọ́n ó fi ohun kan pamọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá alààyè. Ọká àti paramọ́lẹ̀ ní oró. Erè kò ní in rárá. Ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ yìí yóò máa pa aláìṣẹ̀, yóò sì máa fi ẹsẹ̀ tẹ apànìyàn. Ìwé Mímọ́ jẹ́ kí a mọ̀ pé Sólómọ́nì, nínú ọgbọ́n rẹ̀, sọ̀rọ̀ nípa àwọn ohun tí ń rákò pẹ̀lú. Kò burú bí àwa náà bá sọ díẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé Ring Road ti di ìgboro tán tí ejò kò fi lè dé ibẹ̀. Ilẹ̀ tí a kò tíì kọ́lé sí, gọ́tà tí koríko bò, àti òkìtì pàǹtí jẹ́ ilé fún èkúté, ibi tí èkúté bá sì wà, ejò kò jìnnà. Nígbà òjò, omi a máa kún inú ihò, ejò a sì jáde wá ibi gbígbẹ.

Paramọ́lẹ̀ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ̀. Orúkọ rẹ̀ ti sọ ìwà rẹ̀: ó ń pa ara mọ́ ilẹ̀. Ejò mìíràn bá gbọ́ ìró ẹsẹ̀, a sá. Paramọ́lẹ̀ kì í sá, nítorí ó gbẹ́kẹ̀ lé àwọ̀ ara rẹ̀ tí ó jọ ilẹ̀ àti koríko gbígbẹ. Nítorí náà ni a ṣe ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ọká sanra jù ú lọ, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bí ewé tí ó já sílẹ̀ nínú igbó. Eyín oró rẹ̀ lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 5. Kò sí ejò mìíràn ní gbogbo ayé tí tirẹ̀ gùn tó bẹ́ẹ̀. Oró àwọn méjèèjì a máa mú kí ara wú, a sì máa ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́. Sèbé ní tirẹ̀ a máa na orí sókè, a sì máa tu oró sí ojú ènìyàn láti òkèèrè. Omi tí ó mọ́, tí ó sì pọ̀, ni kí a fi fọ ojú náà kíákíá kí a tó lọ sí ilé-ìwòsàn. Kí a má ṣe kán epo tàbí àgbo sí i.

Erè ń fún ẹran pa ni. Ó ń yé ẹyin, a sì máa ká ara rẹ̀ yí wọn ká títí wọn yóò fi pa. Ní ìlú Ouidah ní orílẹ̀-èdè Benin, àwọn kan ń bọ ọ́ títí di òní, ilé òrìṣà náà sì kọjú sí ilé ìjọ Àgùdà ńlá kan gan-an. Àwa kò ní bọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ń pa á ń pa ọdẹ tí ń bá a lé èkúté kúrò lóko.

Alángbá, ọmọńlé àti ọ̀gà kò ní oró kankan. Ọmọńlé tí a ń fi ìgbálẹ̀ lé lára ògiri, ẹ̀fọn àti aáyán ni ó ń jẹ.

Ọ̀rọ̀ dé orí ohun tí ó ká mi lára jù. Ní ọdún 2017, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi oró ejò sí ara àwọn àrùn ilẹ̀ olóoru tí a pa tì. Ìṣirò àjọ náà ni pé láàárín 81,000 sí 138,000 ènìyàn ni ejò ń pa lọ́dọọdún. Àwọn onígbàgbọ́ kan a máa tọ́ka sí Pọ́ọ̀lù ní erékùṣù Mẹ́lítà, ẹni tí paramọ́lẹ̀ so mọ́ lọ́wọ́ láti inú ìdì igi ìdáná tí kò sì kú, wọ́n a sì jókòó sílé. Wọ́n gbàgbé pé oníṣègùn ni Lúùkù tí ó kọ ìtàn náà.

Bí ejò bá bu ènìyàn jẹ, kí a má fi okùn di ẹsẹ̀ náà pinpin, nítorí ẹran ara ibẹ̀ lè kú. Kí a má fi abẹ sín in, kí a má fi ẹnu fa á, kí a má sì lẹ òkúta dúdú mọ́ ọn. Kí a bọ́ òrùka àti bàtà kí ara tó wú, kí a fi igi gbe ẹsẹ̀ tàbí apá náà kí ó má baà mira, kí a sì gbé aláìsàn náà lọ sí ilé-ìwòsàn láìjẹ́ kí ó rìn. Oògùn tí ń pa oró wà. Láti inú ẹ̀jẹ̀ ẹṣin ni a ti ń ṣe é. Ọ̀kan tí a ń lò ní Nàìjíríà, orílẹ̀-èdè Costa Rica ni a ti ń ṣe é, pẹ̀lú oró paramọ́lẹ̀, sèbé àti ejò ilẹ̀ ọ̀dàn kan.

Kí ẹnikẹ́ni má sì fi ọwọ́ gbé òkú ejò náà lọ fún dókítà. Orí ejò tí a ti gé kúrò lára ṣì lè bunijẹ. Bí àyè bá wà, kí a ya fọ́tò rẹ̀ láti òkèèrè.