Ìpìlẹ̀ Ni Ó Ń Gbé Ilé Ró: Ètò Tí Ó Yẹ Kí Á Ṣe Kí Á Tó Kọ́ Ilé

Gbogbo ọpẹ́ ń jẹ́ ti Ọlọ́hun, Ọba tí Ó gbé sánmọ̀ ró láìsí òpó tí ojú wa ń rí. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, a ń gba ara wa àti ẹ̀yin náà níyànjú pé kí á páyà Ọlọ́hun. Láti Mushin dé Surulere àti Yaba ni a ti ń rí àwọn ènìyàn tí wọ́n ń wó ilé ilẹ̀ àtijọ́, tí wọ́n sì ń fi petéèsì rọ́pò rẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ wa ti òní fi dá lórí ètò ilé kíkọ́.

Nínú Súrà At-Tawbah, ẹsẹ 109, Ọlọ́hun fi ìyàtọ̀ hàn láàárín ẹni tí ó fi ìbẹ̀rù Rẹ̀ ṣe ìpìlẹ̀ ilé àti ẹni tí ó kọ́ tirẹ̀ sí etí ọ̀gbun tí ń yẹ̀, tí ilé náà sì gbé e ṣubú sínú iná. Mọ́sálásí àwọn munááfìkí ni ẹsẹ náà ń bá wí, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ rẹ̀ kan gbogbo ẹni tí ń mọlé.

Ní ọjọ́ 12, oṣù Kejì, ọdún 2022, petéèsì tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ wó ní Akanbi Crescent, Yaba, ẹ̀mí sì ṣòfò. Ní alẹ́ ọjọ́ 1, oṣù Karùn-ún, ọdún kan náà, tí ilẹ̀ yóò mọ́ sí ọjọ́ Ìtúnu Ààwẹ̀, òmíràn wó ní Ibadan Street, Ebute Metta. Ènìyàn 10 ni ó kú. Kí Ọlọ́hun kẹ́ wọn. A gba kádàrá gbọ́, ṣùgbọ́n kádàrá kì í ṣe àwáwí fún aláìbìkítà. Ànábì wa pàṣẹ fún ẹni tí ó ni ràkúnmí pé kí ó kọ́kọ́ so ó, kí ó tó gbára lé Ọlọ́hun. Báwo ni onílé yóò ṣe so ràkúnmí tirẹ̀?

Èkíní, kí á pinnu iye àjà kí á tó gbẹ́ ìpìlẹ̀. Ìpìlẹ̀ tí a ṣe fún ilé ilẹ̀ kò lè ru àjà mẹ́ta, bí owó tilẹ̀ dé lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Bí a bá ní in lọ́kàn láti gbé e ga lọ́la, òní ni kí á sọ fún ẹnjiníà, kí ó lè ṣírò òpó àti irin.

Èkejì, kí á yẹ ilẹ̀ wò. Ilẹ̀ etí ọ̀sà ní Iwaya àti Makoko kò le bí ilẹ̀ òkè. Kí á gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó, kí á sì jẹ́ kí àjọ LASBCA yẹ iṣẹ́ náà wò bí ó ti ń lọ.

Ẹ̀kẹta, kí á ṣírò owó. Ànábì Yusuf fi ọdún ọ̀pọ̀ méje pèsè sílẹ̀ de ọdún ọ̀dá méje. Bí owó kò bá tó, kí á dín ilé kù. Kí á má ṣe dín irin tàbí sìmẹ́ǹtì kù. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Owó bíríkìlà náà wà nínú ìṣirò yìí, nítorí pé Ànábì ní kí á san án kí òógùn alágbàṣe tó gbẹ.

Ẹ̀kẹrin, kí á tún pílánì ṣe nígbà tí ó ṣì wà lórí ìwé. Kí sọ́kàwé jìnnà sí kànga wa àti ti aládùúgbò. Kí ìjókòó ilé ìgbọ̀nsẹ̀ má kọjú tàbí kẹ̀yìn sí gábàsì; àwọn onímímọ̀ kan fàyè gbà á láàárín ògiri, ṣùgbọ́n yíyàgò fún un ni ó dára jù. Kí yàrá kan wà nísàlẹ̀ fún òbí tí kò ní lè gun àkàsọ̀ mọ́.

Ẹ̀yin ará, ayálégbé tí yóò sùn sínú ilé náà kò rí ìpìlẹ̀ rẹ̀. Aládùúgbò tí ògiri wa yóò wó lù kò sí níbẹ̀ nígbà tí a ń po sìmẹ́ǹtì. Ọwọ́ wa ni ẹ̀mí wọn wà gẹ́gẹ́ bí àmáánà, a ó sì jíhìn rẹ̀ ní ọjọ́ Àlùkìyámọ̀.

Ọlọ́hun, fi wá mọ̀nà nínú ohun tí a ń kọ́, má sì ṣe jẹ́ kí ilé wa di ibojì fún wa tàbí fún ẹlòmíràn. Àmín.